Ẹ Gbọ́ Tẹnu Aláìsàn Kí Ẹ Tó Kọ Oògùn

Nínú àkọsílẹ̀ NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ènìyàn 5 péré ni àrùn Kòrónà mú ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Kogí, 2 nínú wọn sì kú. Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Kogí, ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Inú ìlú náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti ìhà gúúsù lọ sí Àbújá ń gbà kọjá, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá ti dúró ní Nataco níbẹ̀ rí, tó rí bí èrò ṣe ń sọ̀ tí òmíràn ń wọkọ̀, mọ̀ pé ènìyàn 5 kò lè jẹ́ òótọ́. Àrùn náà wọ Kogí bó ṣe wọ ibi gbogbo. Àyẹ̀wò ni wọn kò ṣe.

Ìtàn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tó ohun tí a ó gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ikọ̀ NCDC wá sí Lọ́kọ́ja. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn àlejò náà fúnra wọn kọ́kọ́ wọ ibi ìyàsọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14, ni wọ́n bá yíjú padà sí Àbújá. Nígbà tí NCDC kéde ẹni 2 àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn, ìjọba Gómìnà Yahaya Bello ní òun kò gbà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, àwọn jàǹdùkú ya wọ ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Lọ́kọ́ja, wọ́n ba dúkìá jẹ́, wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ, àwọn òṣìṣẹ́ sá àsálà fún ẹ̀mí wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ààrẹ lórí Kòrónà ti fi Kogí sí ara àwọn ìpínlẹ̀ eléwu, torí pé kò sí èsì àyẹ̀wò tó ń ti ibẹ̀ wá.

Ìwé ìròyìn yìí kò hú ọ̀rọ̀ náà jáde láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó mú un wá ni àwọn tí ibà kan dá wó ní àkókò yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tí ibà náà lọ, tí agbára wọn kò sì padà títí di òní.

Ní Èkó, níbi tí wọ́n ti yẹ ènìyàn wò, àwọn oníṣègùn tẹ̀lé ènìyàn 274 tó padà wá fún ìtọ́jú lẹ́yìn tí Kòrónà ti kúrò lára wọn. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2021 nínú ìwé ìròyìn BMC Infectious Diseases. Nínú 100, bí 41 ni ara wọn kò tíì padà bọ̀ sípò. Lára ohun tí wọ́n ń sọ jù lọ ni pé ó tètè ń rẹ àwọn, àti pé orí ń fọ́ àwọn. Lọ́kọ́ja kò lè ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ fẹ́. Ta ni wọn yóò tẹ̀lé, nígbà tí wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀?

Kì í ṣe Kòrónà nìkan ló ń fa irú àárẹ̀ yìí. Àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ME/CFS ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1955 irú rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù, ó mú wọn tó bí 300, ilé-ìwòsàn náà sì tilẹ̀kùn fún oṣù mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn tó ń ràn ló máa ń ṣí ọ̀nà fún un. Ní Làìbéríà, lẹ́yìn Ebola ọdún 2014, ìwádìí PREVAIL III fi àwọn tó la àrùn náà já wé àwọn ará ilé àti aládùúgbò wọn tí kò ní in. Àárẹ̀, ẹ̀fọ́rí, ara ríro àti ìgbàgbé pọ̀ lára àwọn tó là á já ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá sọ pé àìsàn òyìnbó ni àárẹ̀ tí kì í lọ, kí ó lọ béèrè ní Monrovia.

Ní ọdún 2015, àjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ìmọ̀ ìṣègùn ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Institute of Medicine nígbà náà, sọ ohun tí a fi lè dá ME/CFS mọ̀. Kí agbára ènìyàn já wálẹ̀ gidigidi fún ohun tó ju oṣù 6 lọ, kí oorun má tu ú lára, kí iṣẹ́ díẹ̀ sì máa dá a dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ọpọlọ rẹ̀ má já geere mọ́, tàbí kí ara rẹ̀ máa kọ ìdúró. Èyí tó ṣe kókó jù ni ti iṣẹ́ díẹ̀ tó ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ yẹn, òun náà sì ni àwọn ará ilé àti dókítà kì í rí.

Bí ó bá jẹ́ obìnrin tó ń ta ẹja létí odò ní Adankolo ló ní in, bí yóò ṣe rí nìyí. Ó jí ní Ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ní kí òun tètè lo àǹfààní rẹ̀. Ó fọ aṣọ àwọn ọmọ, ó gba ìsọ̀ lọ, ó dúró fún wákàtí méjì, ó ta ọjà, ó padà sílé, ó dáná. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kò sí wàhálà. Ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ ní ó ti yá nìyẹn. Ọjọ́rú ni ìyà rẹ̀ tó dé. Ọ̀fun ń ro ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni pé wọ́n so nǹkan mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń dà á láàmú. Bó bá dìde, òòyì á kọ́ ọ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ó fẹ́ ka ṣẹ́ńjì oníbàárà, ó ka á lẹ́ẹ̀mẹta, kò pé. Ó sùn wákàtí mẹ́wàá, ó jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kó tó tún dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n rí i ní ọjà lọ́jọ́ Ajé kò rí i ní Ọjọ́rú. Kí ni wọn yóò sọ bí kò ṣe pé ọ̀lẹ ni?

Ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Wọ́n á ta oògùn ibà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2010 ni àjọ WHO ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Kò gbọ́ ti oògùn, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni, torí pé àyẹ̀wò Widal, tí kò ṣeé gbára lé, fi nǹkan kan hàn. Lẹ́yìn náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ni àgbo, lẹ́yìn náà ni òkè àdúrà. Nígbà tó bá fi máa dé iwájú dókítà, owó ìsọ̀ ti lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan, ó ní: “Màmá, ẹ máa gbìyànjú, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́.” Ire ni dókítà ń rò. Ìmọ̀ràn yìí gan-an ni àwọn aláìsàn káàkiri ayé fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ọ̀mọ̀wé jà lé lórí.

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ìmọ̀ràn náà ti gba agbára. Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní PACE jáde. Ènìyàn 641 ló wọ̀ ọ́, owó tí wọ́n ná lé e lórí tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 pọ́ùn. Wọ́n ní ohun méjì ló ṣiṣẹ́: kí aláìsàn máa fi kún eré ìdárayá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti kí onímọ̀ ọkàn máa bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀ kó lè yí èrò rẹ̀ nípa àìsàn náà padà. Ní ọdún 2013 wọ́n tún fi kún un pé nínú 100 tó gba ọ̀kan nínú ìtọ́jú méjèèjì yìí, 22 ti yá pátápátá. Ìròyìn náà dùn. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn dókítà sì gbà á.

Àwọn aláìsàn kò gbà á, torí pé àwọn ni wọ́n jókòó ka nọ́ńbà náà. PACE lo òṣùwọ̀n kan tó ń lọ láti 0 dé 100. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o lè gun àtẹ̀gùn, bóyá o lè gbé ẹrù ọjà, bóyá o lè tẹ̀ ba, bóyá o lè wẹ̀ kí o sì wọṣọ fúnra rẹ. Kí wọ́n tó gba ènìyàn sínú ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ wà ní 65 tàbí kó wá sísàlẹ̀, èyí tó fi hàn pé àìsàn rẹ̀ le tó. Nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ẹni tó bá dé 85 ni wọn yóò pè ní ẹni tó yá. Nígbà tó yá, wọ́n sọ 85 yẹn di 60. Nítorí náà, ẹni tó wọlé ní 65, tí ara rẹ̀ tún bàjẹ́ sí i títí tó fi bọ́ sí 60, wọ́n ṣì lè pè é ní ẹni tó yá lórí òṣùwọ̀n yìí. Kódà nínú 100 àwọn tó wọ ìdánwò náà, nǹkan bí 13 ló ti dé ààlà yìí kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní ìtọ́jú kankan.

Ẹ tún un kà. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Lọ́kọ́ja tó máa gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gàrí.

Aláìsàn kan tó ń gbé ní ìlú Perth, ní Australia, ló kọ̀wé lọ́dún 2014 lábẹ́ òfin Bìrìtìkó tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba. Ó ní kí Yunifásítì Queen Mary ti Lọ́ńdọ̀nù, tí àkọsílẹ̀ PACE wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbé nọ́ńbà inú ìdánwò náà jáde láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Yunifásítì kọ̀. Alábòójútó ètò ìròyìn pàṣẹ ní ọdún 2015 pé kí wọ́n gbé e jáde, yunifásítì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì ná ohun tó ju £200,000 lórí ẹjọ́ náà. Wọ́n sọ níwájú àwọn adájọ́ pé eléwu ni àwọn aláìsàn tó ń bínú. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ wò ó, wọ́n ní àsọdùn gbáà ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016 wọ́n dá aláìsàn náà láre, oṣù tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà náà jáde.

Àwọn tó tún un ṣírò, aláìsàn wà nínú wọn, tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018 nínú BMC Psychology. Ètò àkọ́kọ́ tí àwọn olùwádìí PACE fúnra wọn kọ ni wọ́n tẹ̀ lé. Iye àwọn tó yá kò tó 10 nínú 100 lọ́nà èyíkéyìí, ìtọ́jú méjì tí wọ́n ń yìn kò sì fi ohun tó dájú ta àwọn yòókù yọ. Àwọn olùwádìí PACE kò gbà, wọ́n ṣì dúró lórí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àjọ CDC ní Amẹ́ríkà ti yọ ìmọ̀ràn eré ìdárayá àfikún náà kúrò ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àjọ NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti dámọ̀ràn rẹ̀ láti ọdún 2007, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún aláìsàn yìí ní in mọ́. Aláìsàn wà nínú ìgbìmọ̀ tó kọ ìlànà tuntun náà.

Àwọn kan á ní aláìsàn kò fẹ́ ìwádìí tí kò bá dùn mọ́ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Bergen, ní Norway, dókítà méjì, Øystein Fluge àti Olav Mella, ṣàkíyèsí pé oògùn jẹjẹrẹ kan, rituximab, ń mú ara àwọn aláìsàn kan fúyẹ́. Àwọn aláìsàn tìkára wọn dá owó jọ láti ran ìdánwò ńlá lọ́wọ́. Ènìyàn 151 ló wọ̀ ọ́. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2019, oògùn náà kò ṣe ju omi lásán lọ. Ìbànújẹ́ ńlá ni, àmọ́ wọ́n gbà á, torí pé wọ́n ṣe ìdánwò náà bó ti tọ́, wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ bó ṣe rí. Òtítọ́ ni aláìsàn ń wá, ì báà korò.

Nílé níbí ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé Mary Gloria Njoku pẹ̀lú Leonard Jason ti Yunifásítì DePaul ní Chicago ṣe ìwádìí lórí àgbàlagbà 1,500 ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2007. Nínú 100, 0.68 ló ní àìsàn yìí, ó ju ohun tí Jason ti rí ní Chicago, 0.42, lọ. Bí ìdajì ìwọ̀n yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ ní Kogí, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 3 sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn láti Lọ́kọ́ja dé Kàbà, dé Ìdá àti Ọ̀kẹ́nẹ́.

Wọn kò sì sí nínú ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, iṣẹ́ DecodeME ti Yunifásítì Edinburgh, tí aláìsàn wà lára àwọn tó darí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kéde pé òun rí ibi 8 nínú ogún-ìbí ènìyàn tó yàtọ̀ lára àwọn tó ní àìsàn náà. Ènìyàn 15,579 ni wọ́n yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìran wọn jẹ́ ti Yúróòpù nìkan ló wà nínú ìṣírò náà. Bí oògùn bá ti ibẹ̀ jáde lọ́la, kò sí ẹni tó lè sọ bí yóò ṣe ṣe lára ọmọ Òwòrò tàbí ọmọ Ìgalà.

Ìdí wà tí àwọn ènìyàn wa fi ń sá fún ìdánwò oògùn. Kò sí ẹni tó gbàgbé Kano ọdún 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pfizer fi oògùn Trovan dán àwọn ọmọdé wò lákòókò àrùn yírunyírun. Ọmọ 200 ló wọ̀ ọ́, 11 kú, àwọn òbí sì ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Kano pè kò parí títí di ọdún 2009, nígbà tí Pfizer gbà láti san $75 mílíọ̀nù. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 wá sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun tó lè ṣe fún ara rẹ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ yé e. Ní Lọ́kọ́ja, èyí túmọ̀ sí Ìgalà, Ẹbìrà, Nupe, Haúsá àti Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ọ̀kun àti Òwòrò, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n á sọ pé kò sówó. Wọ́n á ní ibà ń pa ọmọdé, ibà Lassa ń pa dókítà, omi ń ya wọ Ganaja, kí ni a ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá sí? Ìwé ìròyìn yìí kò kóyán ibà ọmọdé kéré. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ló dùbúlẹ̀ yẹn. Òun ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Owó tó sì ń ná sórí oògùn ibà tí kò nílò àti oògùn táífọ́ọ̀dù tí kò ní, owó ni.

Ohun tí a ń béèrè kò wọ́n. FMC ìjọ́sí ti di ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ báyìí, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sì wà nínú ìlú. Kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn tí àárẹ̀ wọn ti kọjá oṣù 6. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá àìtó ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV, àìsàn kókó ọrùn àti ìbànújẹ́ ọkàn, torí pé gbogbo ìwọ̀nyí ní ìtọ́jú. Ẹni tí wọn kò bá rí èyíkéyìí lára rẹ̀, kí wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, kí wọ́n ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kí wọ́n ní kó dìde dúró, kí wọ́n sì máa kà á fún ìṣẹ́jú 10. Aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá tó wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù tó fún un. Kí wọ́n sọ òótọ́ fún un pé kò tíì sí oògùn tó ń wò ó, àmọ́ pé bó bá ń sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, tí kò dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán, ìdùbúlẹ̀ náà lè dín kù. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Nígbà tí ìwádìí bá sì dé, kí aláìsàn wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ ìbéèrè àkọ́kọ́, kí wọ́n sì san owó ọkọ̀ fún un. Òun ni yóò sọ fún wọn pé títò fún káàdì láti aago mẹ́fà àárọ̀, lórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, tó láti dá òun dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun ni yóò ní kí wọ́n pe òun lórí fóònù ní Ọjọ́rú, kí wọ́n má kàn wo òun ní Ọjọ́ Ajé tí ara òun le. Òun ni yóò bi wọ́n léèrè ìdí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ 85 di 60.

Ẹni tó bá ń ka èyí ní Felele, ní Sarkin Noma tàbí ní Kàbà, tí ara rẹ̀ ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó ṣe lójúmọ́, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Kí ó mú ìwé náà lọ fún dókítà. Bí dókítà bá ní kó lọ máa fi kún eré ìdárayá, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá ó ti ka ìlànà NICE ti ọdún 2021. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Lọ́kọ́ja àti Kọmíṣọ́nnà fún Ìlera ní Kogí, ọ̀dọ̀ yín ló kù sí. Ẹ ṣí ìwé orúkọ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ará ìlú mọ iye àwọn tó wà nínú rẹ̀.